Odò Kì Í Gun Òkè

Ọjọ́bọ̀ ni à ń pàdé ní Valdivia,
lẹ́yìn ilé búrẹ́dì Hortensia,
níbi tí òjò kì í dá, ó kàn ń mí díẹ̀ ni.

Ìwé dírágónì la kà lóṣù yẹn, ìdì kẹta,
ojú ewé ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá.
Yolanda, nọ́ọ̀sì alẹ́, ló kọ́kọ́ la ẹnu:
"Idán tí kò gba nǹkan lọ́wọ́ onídán, irọ́ ni.
Ọmọdébìnrin yẹn jí òkú mẹ́ta dìde,
òùngbẹ ò tilẹ̀ gbẹ ẹ́!
Èmi tí mo gbé ènìyàn kan ṣoṣo láti ibùsùn dé àga,
ẹ̀yìn ń dùn mí láti ọjọ́ Ajé."
A rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò ṣàwàdà.

Facundo, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ní
òun fo gbogbo ibi tí ọba ti ń ṣèpàdé,
ogun nìkan lòun kà, ogun náà sì dùn.
"O jẹ ẹran, o da ọbẹ̀ nù," ni Hortensia wí,
òun tó sunkún nítorí ẹṣin,
ẹṣin lásán, tí òǹkọ̀wé ò fún lórúkọ.
Ọba mẹ́fà kú, ojú rẹ̀ gbẹ,
ṣùgbọ́n ẹṣin yẹn dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé olówó rẹ̀, ó ń retí.

Ó wá kan Nicanor,
tó fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Corral.
Ó ṣí ìwé sí àwòrán ilẹ̀ tó wà níwájú,
ó fi ìka tó ti wú ní oríkèé gbá a.
"Ẹ wò ó. Odò yìí ti inú òkun wá,
ó gun òkè, ó pín sí méjì lórí àpáta.
Odò kì í gun òkè."
Facundo ní, "Bàbá, dírágónì ń fò níbẹ̀!"
"Kó máa fò. Apá ló fi ń fò.
Kí ni odò fi ń gòkè?"
Kò sẹ́ni tó fèsì. Kìnnìún òkun kan bú lápá ọjà ẹja,
bí ẹni pé òun náà ti kà á.

Ó bí mi nínú. Èmi tí mo ń pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀sẹ̀ bàtà,
tí mi ò ka ìwé kan tán rí kí n tó pé àádọ́ta ọdún,
mo ní ṣebí ohun tí kò sí la wá kà?
Nicanor wò mí.
"Irọ́ tó dára a máa mọ ibi tí omi ń ṣàn sí."
Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, Yolanda wọlé, kò bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀,
a sì mọ̀.

Ìgbà òtútù ti ń parí kí n tó tún yá ìwé náà.
Ó ti fi pẹ́ńsù tún odò fà,
láti orí àpáta sọ̀kalẹ̀, kọ́lọkọ̀lọ.
Ibi tí ẹrẹ̀ máa ń kó jọ, ó fi tótó wẹ́wẹ́ sàmì sí i:
ẹ ṣọ́ra, ẹ yà sọ́tùn-ún.
Níbi tí omi ti pàdé òkun, ní ilẹ̀ àwọn dírágónì,
ó ya èbúté kékeré kan, pátákó mẹ́ta péré,
ó kọ Etelvina sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Mi ò bá a láyé.

Mireya tó ń tọ́jú ìwé rí i. Ó mú írésà jáde,
ó wo ojú ewé náà títí,
ó dá írésà padà sápò, ó lu òǹtẹ̀ ọjọ́.

Ìwé náà gùn jù, mi ò ní purọ́.
Ọba pọ̀ níbẹ̀ jù. Yolanda sì jàre.
Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ogun wọ ọkọ̀ lójú ewé igba,
mo padà síwájú lọ wo àwòrán,
mo rí i pé orí ẹrẹ̀ ni wọ́n ń lọ tààrà,
òǹkọ̀wé ò mọ̀,
ni mo bá pariwo, èmi nìkan, nínú ṣọ́ọ̀bù bàtà:
ẹ yà sọ́tùn-ún!